Igbó Tí Kò Ní Ẹ̀yìn, àti Lẹ́tà Tí Mo Gbé Wọ Ibẹ̀

Ojú èmi àti obìnrin kan ṣe mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ síwájú mi yìí, ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó tètè wú u, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọjọ́ tí a ń sun pápá Àgbàrá ni, láàárín ọyẹ́, nígbà tí koríko ti gbẹ bí irun arúgbó. Gbogbo ìlú Ìdó-Àgbọ̀n ló jáde. Àwọn ọdẹ gbé ìbọn, àwọn géńdé mú kùmọ̀, ajá ń gbó, èéfín ń rú, òkété ń sáré kiri bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ilé rẹ̀ sì ń jó lóòótọ́. Èmi Ọdẹ́wùsì, ọmọ Ọdẹ́níran, èmi tí mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta kí irùngbọ̀n mi tó kún, mo dúró sí ojú ọ̀nà tí ẹran máa gbà sá jáde, mo na ìbọn, mo di ojú kan. Ni èéfín bá là díẹ̀. Ní òdìkejì iná, lórí òkìtì ọ̀gán, arábìnrin kan dúró pẹ̀lú ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ́wọ́, ó ń ya àwòrán. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Mo wò ó. Ariwo pápá náà dákẹ́ létí mi pátápátá, bí ẹni pé wọ́n da omi pa á. Ẹyinjú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì dúró lórí mi bí ẹyẹ tó rí ẹ̀ka tó wù ú.

Ẹtu kan gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. Ẹtu tó sanra! N kò mọ̀. Ògúndípẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló figbe ta: "Ọdẹ́wùsì! Ṣé o fẹ́ kí ẹtu kọ́kọ́ kí ọ kú iṣẹ́ kí o tó yìnbọn ni?" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Arábìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, èéfín sì bò ó. Ẹ̀yin ará, mo ti bá ẹkùn wo ara wa lójú rí, n kò gbàgbé ìbọn ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ náà, mo gbàgbé rẹ̀.

Fadérera ni orúkọ rẹ̀. Ìbàdàn ló ti wá, ilé ọ̀gá ilé-ìwé wa ló wọ̀ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya ilẹ̀ inú géèmù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Eré ni wọ́n ń fi ìka tẹ̀ nínú fóònù: ènìyàn bíńtín kan á máa sáré nínú rẹ̀, á máa fo kòtò, á máa bá ẹranko jà, ìwọ lo sì ń darí rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹni bíńtín náà ń tẹ̀, igi tó ń rí, òkè tó ń gùn, ẹnìkan ló jókòó ya gbogbo rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń nu ìbọn.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́," ló wí.

Bàbá! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì! Ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

"Igbó ni wọ́n ní kí n yà," ló bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "mi ò sì mọ irú èyí tí n óò yà. Ayé méjì ló wà nínú géèmù. Ọ̀kan pẹlẹbẹ, bí àwòrán ara ògiri: ọ̀tún, òsì, òkè, ilẹ̀, ó parí. Ìkejì ní inú; èèyàn lè yí igi po, ó lè sá pamọ́, ó lè bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ oríṣiríṣi igbó, èwo ló dáa jù?"

Bí mo bá ní ọgbọ́n, ǹ bá ní n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó wò mí nínú èéfín ló ń wò mí yìí, ẹnu mi sì di ẹnu àkùkọ. Mo ní, "Arábìnrin, ẹ dákẹ́! Ní òdìkejì odò Àfọ̀n, igbó kan wà tó ń jẹ́ Igbó Ojúkan. Igi ibẹ̀ kò ní ẹ̀yìn, ẹranko ibẹ̀ pẹlẹbẹ bí ewé. Ní ìdí rẹ̀ ni igbó kejì wà, èyí tó ní inú tí kò lópin. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti dé méjèèjì."

Irọ́ ni! Ẹnu bàbá mi àgbà ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí ti ń mi orí, nítorí ẹ mọ òfin wa: ọdẹ kì í júwe igbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ẹnu rẹ bá rán ènìyàn lọ, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò lọ mú un bọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo mú báírò, mo jókòó ti bébà. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo kọ lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fà á ya. Èyí keje ni mo ká sí mẹ́rin, tí mo fi sínú àpò ọdẹ mi. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń gba iwájú ilé ọ̀gá ilé-ìwé kọjá. Bí mo bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi á yà lọ sí ibòmíràn bíi ti ewúrẹ́ tó gbọ́ òórùn àgbàdo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ilé-ìwé ló pè mí: "Ọdẹ́wùsì, àlejò mi ti lọ o, láti àná. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí igbó tí ẹ júwe fún òun."

Mo sáré lọ jẹ́wọ́ fún Olúọdẹ wa, Bàbá Ajíjọlá, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. "Ẹni tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó yẹn," ló wí, "kì í padà mọ́. Ó ti lo ọ̀kan. Lọ mú un wá. Bí ìwọ nìkan bá sì dá dé, gbé ìbọn rẹ fún mi kó tó di pé o wọlé, nítorí o kì í ṣe ọdẹ mọ́ nìyẹn."

Ohun tí mo jẹ àti ibi tí mo ti mu omi kò kàn yín. Mo la odò Àfọ̀n kọjá, mo sì dé ibi tí igbó ti dúró bí aṣọ tí wọ́n sá. Ọkùnrin kan wà níwájú rẹ̀ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè wò ó dáadáa, ó pòórá! Mo padà síwájú, ó tún wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò nípọn ju etí abẹ lọ. Aláìnípọn ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni olùṣọ́ ibẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ọdẹ́wùsì, ikú ẹfọ̀n, èmi tí ìnàkí ń rí tó ń kí ní bùrọ̀dá!"

"Mo rí iwájú rẹ. Kí ni o gbé pọ̀n yẹn?"

"Ẹ̀yìn mi ni."

"Kí ló ń jẹ́ ẹ̀yìn?" Ó fi ojú kan rẹ́rìn-ín. "Ó dára. Já àlọ́ yìí kí o tó wọlé. Ilé kan ní ilẹ̀kùn, ó ní fèrèsé, òrùlé rẹ̀ pé, kò jò rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti parí rẹ̀, kò sí ẹni tó sùn nínú rẹ̀."

Mo ronú. Mo rántí Fadérera lórí òkìtì ọ̀gán. "Ilé tí a yà sára bébà ni!"

Ó pòṣé, nítorí ó ti ń retí kí n kùnà. "Àdéhùn wa rèé. Fi ìnípọn rẹ sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, n óò fún ọ ní ẹ̀mí mẹ́ta. Bí o bá kú, ẹnu ọ̀nà yìí ni o ó ti jí. Bí o bá kú ẹ̀ẹ̀mẹta, àwòrán ni ọ́."

"Ẹ̀mí ẹyọ kan ni ìyá mi bí mọ́ mi."

"Ìyá rẹ ló ṣahun."

Ó gbé ọwọ́ lé mi, ó tẹ̀ mí bí wọ́n ti ń tẹ iyán mọ́lẹ̀, mo sì di pẹlẹbẹ. Kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni àpò mi. Nítorí pé kò sí ohun tó ń jẹ́ inú ní ibẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà jáde wá lẹ̀ mọ́ mi lára: ẹ̀tù ìbọn, ọta, ọ̀bẹ, àti lẹ́tà. Lẹ́tà tí mo ká sí mẹ́rin ṣí sílẹ̀ gbalaja ní àyà mi, tòun ti gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀! "Ẹ jẹ́ kí n ká a," ni mo bẹ̀bẹ̀. Aláìnípọn ní, "Ká a báwo? Apá ibo lo fẹ́ ṣẹ́ ẹ sí?"

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wá wo ayé! Òòrùn kan lẹ̀ mọ́ igun sánmà, kò kúrò. Igi tò lẹ́sẹẹsẹ láti òsì lọ sí ọ̀tún, n kò sì lè gba ẹ̀yìn ìkankan kọjá; mo ní láti fò ó tàbí kí n gùn ún. Gbogbo ewu tó wà níwájú ni mò ń rí láti òkèèrè kedere: kòtò, òkúta tó ń já bọ́, ẹfọ̀n pupa kan tó ń bọ̀. Ẹfọ̀n ló bà mí lẹ́rù bí? Rárá o! Ìmọ̀ ọdẹ kò ju kí ẹfọ̀n dé tòsí, kí o yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó kọjá, kí o sì yìn ín. Ẹfọ̀n dé. Mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ẹ̀gbẹ́! Ó gba inú mi kọjá bí ọkọ̀ ti ń gba inú òjò. Gbàgà! Mo bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà, Aláìnípọn sì ń ka ìka: "Ó ku méjì."

Nígbà kejì, àwọn odídẹrẹ́ ló pa mí. Wọ́n tò sórí ẹ̀ka kan bí aṣọ lórí okùn, olórí wọn sì na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àyà mi sókè: "Fadérera, ìràwọ̀ òwúrọ̀ mi! Láti ọjọ́ tí ojú wa ti pàdé nínú èéfín, iná pápá ti kú, ṣùgbọ́n tèmi ń jó..." Èkejì ní, "Yéè, ó ń jó!" Ẹ̀kẹta ní, "Ẹ bu omi sí i!" Olórí ń bá a lọ: "Bí mo bá na ìbọn, ojú rẹ ni mò ń rí lẹ́nu rẹ̀..." "Á yìn ín ni àbí á fẹ́ ẹ?" ni ẹ̀kẹta bèèrè. Ìtìjú mú mi. Mo dúró, mo ń bú wọn, mo ń bú ìyá tó yé wọn, mo gbàgbé ẹfọ̀n. Gbàgà! "Ó ku ẹyọ kan," ni Aláìnípọn wí, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò gbé àwòrán kọ́ sí.

Ẹ̀mí kan ṣoṣo, bí ìyá mi ti bí mi. Ìgbà yẹn ni mo tó lo ọpọlọ. Mo jókòó, mo wo ẹfọ̀n náà. Ó ń sáré ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án, ó ń dún, ó ń yí padà. Mẹ́sàn-án, ó dún, ó yí padà. Kì í yàtọ̀! Ẹran igbó wa máa ń ronú, ó máa ń bínú, ó máa ń tàn ọ́. Èyí kò mọ̀ ju orin kan lọ. Mo ka mẹ́jọ, mo fò, mo gun orí rẹ̀, mo ti orí rẹ̀ fò sórí ẹ̀ka, mo bọ́ sí àárín àwọn odídẹrẹ́. Mo gbá olórí wọn lọ́rùn mú.

"Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà láyà mi, ibo ló wà?"

"Ó gba ibí kọjá lánàá," ló fèsì. "Ó fi èédú kun apá kan igi tó gbẹ̀yìn yẹn, igi náà wú, ó ṣú, òjìji jáde lára rẹ̀. Obìnrin náà rìn wọ inú òjìji, kò sì sí mọ́."

"Ó wà lẹ́yìn igi ni."

"Kí ló ń jẹ́ ẹ̀yìn igi?" ni gbogbo wọn pariwo.

Mo sáré débi igi náà. Ó dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó yípo, ó nípọn, ó lẹ́wà bí igi ilé. Mo na ọwọ́ sí ibi tí èédú wà, ọwọ́ mi wọlé! Bí mo ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ìnípọn mi sáré wá bá mi láti ẹnu ọ̀nà bí ajá tó rí olówó rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo já lẹ́tà kúrò láyà, mo ká a sí mẹ́rin, mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpò. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣe aṣọ wọ̀ rí kò lè mọ irú adùn tó wà nínú kí nǹkan ní inú.

Ẹ wo igbó kejì! Ọ̀nà lọ sí ibi gbogbo. Ewé bo ewé, igi sá sẹ́yìn igi. Bí mo bá yí orí, ayé mìíràn ni. Bí mo bá yí i padà, ti tẹ́lẹ̀ ti ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ mí rí. Ṣùgbọ́n ojú mi ṣì pẹlẹbẹ. Mo rí Fadérera níwájú, kò ga ju ìka mi lọ, mo sì ké pé yéè, wọ́n ti sọ olólùfẹ́ mi di èèrà! Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ fi ìka méjì ṣà á nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni mo mú. Ẹ̀yin ará, ó jìnnà ni! Mo ti gbàgbé pé ohun tó jìnnà ló ń kéré. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Mo sáré, ó ń tóbi, ó ń tóbi, títí mo fi rí i pé ó ń yí òkìtì kan po, ètè rẹ̀ gbẹ, ìwé rẹ̀ wà láyà rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà.

"Bàbá Ọdẹ!" ló ké. "Láti àná ni nǹkan kan ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní yà sí ọ̀tún, ó ní ọ̀nà ilé nìyí. Bí mo bá yíjú, ó ti tún wà lẹ́yìn."

Mo dúró kojú rẹ̀, mo sì rí i. Arìnlẹ́yìn ni: ó gùn, ó dúdú, ojú rẹ̀ kò ní ju ẹnu lọ, ó sì fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé èjìká Fadérera. Mo na ìbọn.

"Yìn ín, ọdẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ta ni ọta máa kọ́kọ́ bá?"

Mo gbé ìbọn wálẹ̀. Fadérera tún ké: "Ọ̀kan wà lẹ́yìn ẹ̀yin náà!" Èémí tútù kan sì fẹ́ mi ní ìpàkọ́. "Ẹ kò lè dúró títí láé," ni èyí tó wà lẹ́yìn mi wí. "Bó pẹ́ bó yá, á rẹ̀ yín, ẹ ó dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ níbí, ẹnu wa ló fẹ̀yìn lé."

Kí ni ọdẹ méjì máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ sinmi nínú igbó tí wọn kò mọ̀? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n á fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn, kí ọ̀kan máa ṣọ́ ìlà-oòrùn, kí ìkejì máa ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn? Mo ní, "Arábìnrin, ẹ máa bọ̀, ẹ má bojú wẹ̀yìn. Bí a bá fẹ́ fara kanra, ẹ yí padà kíá!" Ó sáré wá. Mo yí. Ó yí. Gbàmù! Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mi. Àwọn Arìnlẹ́yìn méjèèjì há sáàárín, wọ́n han bí ológbò tí wọ́n fi ilẹ̀kùn há. "Ẹ fún wa láyè díẹ̀! Bí ìbú irun!" Mo ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n dà bí èéfín, wọ́n jò jáde lókè orí wa, wọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n a kò lè pínyà, nítorí wọ́n ń dúró de àlàfo. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ti ń lù láti inú ẹ̀yìn ara mi. N kò rí ojú rẹ̀, bóyá ìyẹn ló fún mi nígboyà.

"Mo purọ́ fún yín," ni mo wí. "N kò dé ibí rí. Ìyangàn ẹnu mi ló fẹ́ pa yín."

A tún rìn díẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀meje lẹ ní ẹ ti débẹ̀," ló wí.

"Òní ni àkọ́kọ́."

Ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni! Ó rín títí ẹsẹ̀ wa fi dàrú. "Ẹ sì wá," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ lẹ ò mọ ọ̀nà."

"Èwo lẹ ó wá yà nínú méjèèjì?"

"Nínú pẹlẹbẹ, mò ń rí gbogbo ewu, mi ò sì rí ibi tí mo lè yà sí. Nínú èyí, mo lè yà síbi gbogbo, mi ò rí ewu kankan. Fún eré, ti àkọ́kọ́ dùn, mo máa yà á fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n èyí ni mo máa lo ọdún mi lé lórí. Nítorí pé nínú èyí, ẹlòmíràn lè dúró níbi tí ojú mi ò dé, kó máa bá mi ṣọ́ ọ."

A gbọ́ ìró odò Àfọ̀n, a fi ẹ̀gbẹ́ tọ̀ ọ́ títí igbó fi tán. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán dà lé wa lórí. Àwọn ọdẹ wà ní òdìkejì omi, wọ́n yìnbọn sókè, Bàbá Ajíjọlá fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Ẹnu Ògúndípẹ̀ kò kúkú lè sinmi: "Ẹ wò ó, ẹtu ti sá lọ, ṣùgbọ́n ó mú nǹkan bọ̀! Ọdẹ́wùsì, ṣé báyìí ni wọ́n ń gbé ìyàwó wálé, ẹ̀yìn síwájú?"

A la odò kọjá, àwọn Arìnlẹ́yìn kò sì lè tẹ̀lé wa mọ́, a pínyà. Mo yí padà, òun náà yí padà. Ó sún mọ́ mi ju ti pápá lọ, kò sí iná láàárín, kò sí èéfín.

"Bàbá Ọdẹ..." ló bẹ̀rẹ̀.

"Ọdẹ́wùsì ni orúkọ mi," ni mo wí. "N kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni."

Ó wò mí. "Ọdẹ́wùsì," ló wí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo wá lẹ́tà náà kàn ní ìsàlẹ̀. Ó ti rún, èédú ti ta sí i, ṣùgbọ́n ó ká sí mẹ́rin. Mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ó rọra fi ẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀, ó sì gbà á.